Ọ̀dà Pupa Tí Mo Fi Bo Funfun

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má yìn mí pé mo jẹ́wọ́. Wọ́n ká mi mọ́ ọn ni. Bí kì í bá ṣe kẹrosíìnì tó tú àṣírí mi, títí di òní yìí ni ǹ bá ṣì máa dúró lábẹ́ ògiri yẹn, tí ǹ bá máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe òótọ́.

Mẹkáníìkì ni mí. Ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá ni mò ń tún ṣe, sitiárìn wọn ni iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù. Kò sí alágbára tó lè fi ọwọ́ lásán yí ọkọ̀ tó kó ẹrù kún bí ọ́ìlì ò bá ràn án lọ́wọ́. Ọ́ìlì á ti inú agolo rẹ̀ wá, á gba inú rọ́bà kan dé inú pọ́ǹpù, pọ́ǹpù á wá fi agbára tì í lọ síbi tí yóò ti bá dírẹ́bà yí táyà iwájú. Ọjọ́ tí ọ́ìlì bá kọ̀ tí kò dé pọ́ǹpù, ọ̀gbẹ́ni dírẹ́bà á mọ̀ pé òun ń bá òkè jìjàkadì. Rọ́bà tó wà láàárín agolo àti pọ́ǹpù yẹn kò gùn ju apá ọmọdé lọ. Òun ló ba ayé èèyàn mẹ́ta jẹ́, tàbí kí n kúkú sọ pé èmi ni.

Àwa méjì la mọ iṣẹ́ sitiárìn dunjú ní gáréèjì wa. Elétí ni wọ́n ń pe èkejì mi. Bí ọkọ̀ bá ń kùn, yóò gbé ẹnu sukudiráfà gígùn kan lé ara pọ́ǹpù, yóò fi ìdí rẹ̀ ti etí, yóò dijú, yóò sì sọ ohun tó ń ṣe é. Àwọn ará gáréèjì a máa sọ pé bí ẹ̀fọn bá wúkọ́ nínú ẹ́ńjìnì, Elétí á mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà la ti kọ́ṣẹ́. Mo fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ. Èmi ni mo mú un wá sílé wa lọ́jọ́ kan tí òjò ká wa mọ́ ọ̀nà. Ó rí àbúrò mi obìnrin, ó jókòó, kò mọ ìgbà tí òjò dá. Bó ṣe di ọkọ àbúrò mi nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ló máa ń pè mí, tọkàntọkàn ló sì fi ń pè é.

Àṣà kan wà ní gáréèjì wa tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ọ̀rọ̀ mi tó yé yín. Bí èèyàn bá ti so nọ́ọ̀tì tàbí kílípù, irin tó ń di ẹnu rọ́bà mú, le tán, yóò ta ìlà ọ̀dà sórí rẹ̀. Bí nọ́ọ̀tì náà bá yẹ̀, ìlà á já, a ó sì rí i. Kì í ṣe ìyẹn nìkan. Oníkálukú ló ní àwọ̀ tirẹ̀. Tèmi funfun, ti Elétí pupa, ti ọkùnrin tó ń tún bíréèkì ṣe búlúù. Àwọn agolo ọ̀dà náà tò sórí pákó kan níwájú sítọ́ọ̀, búrọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan nínú wọn. Lẹ́yìn ọdún méjì, bí ọkọ̀ kan bá wọlé, a ó kàn wo abẹ́ rẹ̀ ni, a ó sì mọ ọwọ́ ẹni tó débẹ̀.

“Orí èèyàn lè gbàgbé,” ni ọ̀gá wa máa ń wí. “Ọ̀dà kì í gbàgbé.”

Gbogbo wa gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Òfin kan tún wà tí ọ̀gá kì í fi ṣeré. Rọ́bà rédíétọ̀, tó ń gbé omi, jọ rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì bí ìbejì. Dúdú ni méjèèjì, ẹnu wọn sì lè tóbi bákan náà. Ṣùgbọ́n bí ọ́ìlì bá ń gba inú rọ́bà omi kọjá, yóò máa jẹ ẹ́ láti inú. Ẹ̀yìn rẹ̀ á máa dán, inú rẹ̀ á sì ti wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú omi.

“Ẹni tó bá fi rọ́bà omi gbé ọ́ìlì,” ni ọ̀gá wí, “kó má wulẹ̀ wá kí mi pé ó dàbọ̀. Kó kó irinṣẹ́ rẹ̀, kó máa lọ sílé.”

Ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Èmi ni mo fi gbé e.

Dírẹ́bà kan ló wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pè é, nítorí ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù láìpa adìẹ kan. Rọ́bà ọ́ìlì sitiárìn rẹ̀ ti ya, ó ń jò sílẹ̀ tótótó. Mo lọ sí sítọ́ọ̀. Ìyá Sítọ́ọ̀, ẹni tó máa ń fi kọ́kọ́rọ́ sọ́rùn bí ẹ̀gbà, mi orí.

“Ọ̀la ni wọ́n á kó rọ́bà ọ́ìlì dé. Ti omi nìkan ló wà ńlẹ̀.”

Mo padà lọ sọ fún Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó di orí mú.

“Ọ̀la kẹ̀? Tòmátì ni mo kó o! Tí mo bá sùn síbí, ọbẹ̀ ni màá gbé débẹ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ó lọ sùn sábẹ́ igi, kò rí èwo nínú àwa méjèèjì ló wọ abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Mo wo orí tábìlì mi, mo rí ààbọ̀ rọ́bà omi tó ṣẹ́kù síbẹ̀ láti ọjọ́ tí mo tún rédíétọ̀ kan ṣe. Mo wọ̀n ọ́n. Ó bá a mu rẹ́gí. Mo sọ fún ara mi pé kí n fi gbé e dé ọ̀la, bó bá ti dé lọ́la màá pààrọ̀ rẹ̀. Mo gé e, mo so ó, mo di kílípù méjèèjì. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti ta ọ̀dà funfun sí wọn. Ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́ kì í dúró de orí.

“Ṣé ó ti parí?” Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bi mí nígbà tó jí.

“Ó ti parí, bàbá. Ẹ máa lọ.”

Ọ̀la dé, ọkọ̀ ò dé. Nígbà tó dé lọ́sẹ̀ kejì fún nǹkan míì, mo wò ó lókèèrè, kò jò. Mo ní ohun tó ń ṣiṣẹ́, kí ni mo fẹ́ fọwọ́ kàn án fún? Bí oṣù mẹ́ta ṣe kọjá nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ tí wàhálà dé, ọ̀gá pe èmi àti Elétí. Ó ní eegun òun ti ń dun òun, òun fẹ́ yan olórí iṣẹ́, àárín àwa méjèèjì ni yóò sì ti mú un ní ìparí oṣù. Elétí na ọwọ́ sí mi.

“Ẹ̀gbọ́n ló tọ́ sí, ọ̀gá. Àwọn ló ṣáájú.”

Ọ̀gá ní, “Mi ò bi ọ́ léèrè ọjọ́ orí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọnú eegun. Mo mọ̀ pé etí rẹ̀ ju etí mi lọ. Gbogbo èèyàn ló mọ̀.

Ọjọ́ kẹta ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wọlé. Ọ̀gá ní kí Elétí dá a lóhùn. Èmi wà lábẹ́ ọkọ̀ kejì, mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

“Kì í ṣe é láàárọ̀,” ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wí. “Bí mo bá gbéra, sitiárìn á fúyẹ́. Bí mo bá rìn tó wákàtí kan, tí ara ọkọ̀ gbóná, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, á wá le. Tí mo bá sinmi, á tún rọ̀.”

Sípánà tutù lọ́wọ́ mi. Bó bá tutù, ó rọ̀. Bó bá gbóná, ó le. Inú rọ́bà ti wú, bí ooru bá ti mú un, á rọ̀, á sì dí ara rẹ̀ lọ́nà. Mi ò nílò etí kankan láti mọ̀ ọ́n.

Elétí ní kí wọ́n tan ẹ́ńjìnì, ó sì ti sukudiráfà rẹ̀ sétí. Ó pẹ́ níbẹ̀.

“Òùngbẹ ń gbẹ pọ́ǹpù yìí,” ló sọ. “Nǹkan kan ò jẹ́ kí ọ́ìlì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa.”

Ó ṣí agolo ọ́ìlì, ọ́ìlì ń hó bí omi ọṣẹ. Ó ní atẹ́gùn ti wọnú rẹ̀. Ó yọ asẹ́ ọ́ìlì wò, asẹ́ mọ́. Ó wo bẹ́líìtì, bẹ́líìtì le. Ó ń yọ wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ló ń sún mọ́ mi.

“Ọ̀gá, ó ku rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì wá. Tá a bá jẹun ọ̀sán tán, màá tú u, màá là á wò.”

Gbogbo wọn nu ọwọ́, wọ́n jáde lọ jẹun. Elétí pè mí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò jẹun ni?”

“Ẹ máa lọ. Mo fẹ́ so nọ́ọ̀tì yìí tán.”

Irọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹ má bàa fi tèmi ti èṣù. Ohun tí mo kọ́kọ́ ní lọ́kàn ni pé kí n pààrọ̀ rọ́bà náà. Mo sáré lọ sí sítọ́ọ̀. Àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́rùn Ìyá Sítọ́ọ̀ níbi tó ti ń jẹun. Mo yíjú padà. Pákó àwọn agolo ọ̀dà ni mo bá pàdé. Búrọ́ọ̀ṣì Elétí dúró nínú ọ̀dà pupa rẹ̀.

Mo wò ó. Mo wò yíká. Mo tún wò ó.

Mo lè lọ bá Elétí níbi tó ti ń jẹun, kí n sọ pé, “Àna mi, èmi ni mo ṣe é, bá mi bò ó.” Mo mọ̀ ọ́n. Ì bá bò ó. Ì bá tú rọ́bà náà dànù, kó fi òmíràn sí i, kó má sì sọ fún ẹnikẹ́ni títí wọ́n á fi sin ín. Ṣùgbọ́n màá wá jẹ ẹ́ ní gbèsè oore ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ yan olórí. Ìgbéraga mi ò gbà á.

Mo mú búrọ́ọ̀ṣì pupa. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lórí kílípù ti òkè, ẹ̀ẹ̀kan lórí ti ìsàlẹ̀. Ọ́ìlì wà lára wọn, mi ò tiẹ̀ nù ún. Mo bu eruku ilẹ̀ lé ọ̀dà náà, kó lè dà bí ti àtijọ́. Mi ò sì fẹ́ kí wọ́n lé Elétí, mo fi Ọlọ́run búra. Kó ṣáà má jẹ́ èmi ni mò ń wá. Gbogbo rẹ̀ ò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ohun tí mi ò rò ló ṣẹlẹ̀. Elétí jẹun dé, ó sùn sábẹ́ ọkọ̀, ó tan iná. Mo gbọ́ tó sọ pé “Háà.”

“Kí ló dé?” Ọ̀gá bi í láti òkè.

“Rọ́bà yìí, èmi ni mo so ó. Àwọ̀ mi ló wà lára rẹ̀. Á jẹ́ pé ó wà nínú àwọn ọkọ̀ méjìlá tá a pààrọ̀ rọ́bà wọn ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.”

“Ṣé wàá ṣì tú u?”

Ó tún tan iná sí kílípù náà. Mo dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí i. Mo ṣì lè sọ ọ́ nígbà náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu sípánà mi.

“Rárá, ọ̀gá. Rọ́bà tí mo bá so, mo máa ń yẹ inú rẹ̀ wò kí n tó so ó. Ibòmíì ni atẹ́gùn gbà wọlé.”

Ẹ gbọ́ ọ. Etí rẹ̀ ti sọ òótọ́ fún un, ọ̀dà sì pa á lẹ́nu mọ́. Ó da ọ́ìlì àtijọ́ nù, ó rọ tuntun, ó fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ó ń yí sitiárìn lọ sápá òsì lọ sápá ọ̀tún jẹ́jẹ́, títí tí ọ́ìlì ò fi hó mọ́. Ara ọkọ̀ tutù, sitiárìn sì rọ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wà á yí ọgbà wa po lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Elétí, Ọlọ́run á bá mi dá etí rẹ sí!”

Ó ń jáde lọ, ó juwọ́ sí wa. Èmi náà juwọ́ sí i.

Ọjọ́ kejì ni ìròyìn dé. Ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kan, oòrùn mú, ẹrù wúwo. Ó dé ibi tí ọ̀nà ti kọ́rọ́, sitiárìn sì le gan-an. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní àwọn rí i tó dìde dúró lórí ìjókòó, tó ń fi gbogbo ara yí i. Ọkọ̀ kò gbọ́. Inú kòtò ló gbà lọ. Irin iwájú rún ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn dókítà gé e nísàlẹ̀ orúnkún.

Nígbà tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà dé, ọ̀gá pe gbogbo wa jọ. Ó tú rọ́bà yẹn fúnra rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì fi ọ̀bẹ là á. Inú rẹ̀ ti bó, ó ká jọ bí ahọ́n màlúù. Àmì rọ́bà omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbangba.

Ohùn ọ̀gá lọ sílẹ̀. “Ta ló fi rọ́bà omi síbi ọ́ìlì?”

Ó mú àkísà, ó nu ẹrẹ̀ kúrò lára kílípù. Pupa yọ. Gbogbo ojú yí sí Elétí.

Elétí gba kílípù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò ó, ó yí i, ó tún wò ó. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀.

“Mi ò rántí,” ló wí. “Ọ̀gá, mo fi orí ọmọ mi búra, mi ò rántí pé mo ṣe é.” Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ tí mo máa gbọ́ títí wọ́n á fi sin mí. “Ṣùgbọ́n àwọ̀ mi ni.”

Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Lójú mi ni wọ́n ti gé ìka tí kò ṣẹ̀. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà wá bá mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo ti dójú tì yín.”

Mo gbá a mọ́ra. Ẹ̀yin òǹkàwé, mo gbá a mọ́ra, mo sì ní, “Kò sí ẹni tí kì í ṣe àṣìṣe.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo di olórí iṣẹ́. Ọ̀gá kan rọ́bà náà, òun àti kílípù rẹ̀, mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀, kó lè jẹ́ àríkọ́gbọ́n. Èmi ló sì ní kí n máa mú ẹni tuntun tí a bá gbà síṣẹ́ lọ síbẹ̀, kí n na ìka sí i. “Ẹ wo iṣẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́,” ni mo máa ń wí. “Ìkánjú ló bà á jẹ́.” Wọ́n á mi orí. Èmi náà á mi orí. Ọdún mẹ́ta.

Elétí ò fọwọ́ kan ọkọ̀ mọ́. Ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù ló ti ń ru búlọ́ọ̀kù. Gbogbo Sátidé ló ń lọ sílé Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á gbálẹ̀, á pọnmi, á gbé e lọ síbi tó bá fẹ́ lọ. Kò sẹ́ni tó rán an.

Àbúrò mi wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí lé itan mi bíi ti ìgbà tó wà lọ́mọdé.

“Bùọ̀dá mi, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Á kàn dédé dúró láàárín yàrá, á ní, ‘Mo gé e. Báwo ni mo ṣe gé e?’ Ọkọ mi fẹ́ ya wèrè mọ́ mi lọ́wọ́.”

Mo fọwọ́ pa á lórí. “Ṣe sùúrù,” ni mo wí. “Yóò tó gbàgbé.”

Irọ́ lè sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa fi bá a. Tèmi ò tiẹ̀ tó ogún ọdún, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sáré. Orí ìṣó ló gbé kọ́.

Ọ̀gá fẹ́ kun ògiri sítọ́ọ̀. Ìyá Sítọ́ọ̀ sọ gbogbo ohun tó wà lára ògiri kalẹ̀. Ó rí i pé eruku àti ọ́ìlì gbígbẹ ti bo rọ́bà náà, ó sì jẹ́ ẹni tí kò lè rí ìdọ̀tí kó dákẹ́. Ó kó àwọn kílípù sínú abọ́ kẹrosíìnì, ó sì lọ jẹun ọ̀sán. Mo jẹun dé, mo bá a níwájú sítọ́ọ̀, ó di kílípù kan mú sójú oòrùn. Ọ̀gá dúró tì í.

Ìyá Sítọ́ọ̀ pè mí. “Olórí iṣẹ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì.”

Ojú rẹ̀ ò ṣe bàìbàì. Ojú tó lè rí abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn ni. Pupa ti bó, ó léfòó sórí kẹrosíìnì bí èèpo àlùbọ́sà. Funfun wà lábẹ́ rẹ̀, ó dán bí eyín. Ọ̀dà tí wọ́n ta sórí ọ́ìlì kì í mú. Ọdún mélòó ni mo ti fi ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn pé kí wọ́n nu irin kí wọ́n tó ta ọ̀dà?

“Ọ̀gá,” ni mo wí, “ó ṣeé ṣe kí…”

“Ta ló ní funfun?” ọ̀gá bi mí.

Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń kóra jọ. Ẹni tí mo kọ́ lábẹ́ ògiri yẹn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá wà níbẹ̀, ó ń wo kílípù, ó ń wo ẹsẹ̀ mi.

“Mo ní ta ló ní funfun?”

“Èmi ni, ọ̀gá.”

“Ta ló wá ta pupa lé e?”

Mo wo ilẹ̀. “Èmi náà ni.”

Ọ̀gá kò lù mí. Ó ránṣẹ́ pe Elétí, ó sì ní kí n má lọ síbì kankan. Mo dúró nínú oòrùn, kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀. Elétí dé, eruku sìmẹ́ńtì bo irun rẹ̀ funfun. Àbúrò mi tẹ̀ lé e. Wọ́n fi kílípù lé e lọ́wọ́.

Ó wò ó títí. Ó wá jókòó sórí táyà kan.

“Ẹ̀gbọ́n,” ló wí. Ó ṣì pè mí bẹ́ẹ̀. “Ṣé ẹ mọ̀ pé mo ti rántí rẹ̀? Mo rántí ọjọ́ tí mo gé rọ́bà yẹn. Mo rántí ọ̀bẹ. Mo rántí pé oòrùn ń ta mí lẹ́yìn. Mo ro ó, mo ro ó, títí mo fi rántí ohun tí mi ò ṣe.”

Mo dọ̀bálẹ̀. Ibi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí, ọ́ìlì ni. Kò wò mí.

Ọ̀gá ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an, ipò olórí iṣẹ́ ń dúró dè é. Elétí mi orí.

“Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Mi ò gba etí mi gbọ́ mọ́.”

Àbúrò mi dúró lórí mi. Mo ń retí kó bú mi, kó tu itọ́ sí mi lára. Ìwọ̀nba ló sọ.

“Orí itan yín ni mo ti sunkún, Bùọ̀dá. Ẹ sì fọwọ́ pa mí lórí.” Ó mú ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. “Ẹ mọ ilé wa. Ẹ má wá.”

Mo kó irinṣẹ́ mi, mi ò kí ọ̀gá pé ó dàbọ̀. Òfin ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tí ẹ sì ní ohun kékeré kan tí ẹ ti fi tẹlòmíràn bò mọ́lẹ̀, ẹ tètè lọ jẹ́wọ́ rẹ̀. Mi ò sọ ọ́ torí kí wọ́n lè dárí jì yín. Ìdí rẹ̀ ni mò ń bọ̀ wá sọ báyìí.

Ó ku ilé kan fún mi. Mo lọ sí ọ̀dọ̀ Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì, kí ó má bàa bọ́ sí Sátidé. Yàrá rẹ̀ mọ́, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán. Lẹ́nu ọ̀nà, bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún kan wà níbẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo, wọ́n ti kùn ún títí ó fi ń kọ mànà. Mo mọ ọwọ́ ẹni tó kùn ún.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí tòmátì títí dórí kẹrosíìnì. Kò gé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, mo kúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ dárí jì mí.”

Ó fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ ti tán.

“Ní ọdún àkọ́kọ́,” ló wí, “tí Elétí bá wá, mi kì í dá a lóhùn. Á gbálẹ̀, á pọnmi, á kí mi pé ó dàbọ̀, á lọ. Mo kórìíra ohùn rẹ̀. Ọjọ́ kan ni mo jí, mo gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo wá ìbínú yẹn, mi ò rí i. Mo pè é wọlé, mo dárí jì í. Ó sunkún títí.”

“Bàbá, òun kọ́ ló ṣẹ̀ yín. Èmi ni.”

“Mo gbọ́. Láti ìgbà tó o ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni mo ti ń wá inú ara mi wò fún ẹ.” Ó wò mí, kò sí ìbínú lójú rẹ̀, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. “Kò sí òmíràn níbẹ̀, ọmọ mi. Ìdáríjì ẹyọ kan ni mo ní lórí ẹsẹ̀ yìí, mo sì ti fún ẹni tí kò ṣẹ̀ mí.”

Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

“Máa lọ sílé,” ló wí. “Rọra o, má tẹ bàtà yẹn. Ọ̀la ni Elétí máa wá kùn ún.”